Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Kò Pé Ọjọ́ Kan

Lẹ́tà náà kò ju ìlà márùn-ún lọ, irọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí mi ò tíì mọ̀ ni ẹni tó ni irọ́ náà.

Hamdalah tẹ́ ẹ síwájú mi lórí tábìlì iṣẹ́, láàárín síìpù àti táyà àpótí, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ Wẹ́sìdeè. Ojú rẹ̀ wú bí ojú ẹni tí kò sùn.

"Bàbá Onísíìpù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo eléyìí, kí n mọ̀ bóyá orí mi ló ti dàrú."

"Ìwọ tó o kàwé tó o fi di nọ́ọ̀sì, èmi ni kí n wá kàwé fún ọ?"

"Mo ti kà á, sà. Ẹlòmíràn ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ."

"Nígbà náà, kà á sí Yorùbá. Òyìnbó àwọn ọ́fíìsì yẹn máa ń fọ́ mi lórí."

Ó kà á. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Lékèélékèé ń jẹ́rìí pé arìnrìnàjò Hamdalah Oyèwùmí ti gbọ́ ṣáájú pé ọkọ̀ tó yẹ kó gbé e lọ sí Yola lọ́jọ́ Sátidé kò ní lọ. Iléeṣẹ́ pè é lórí fóònù. Ọjọ́ mẹ́ta ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì fẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kò sí ohun tí iléeṣẹ́ jẹ ẹ́.

"Ta ló pè ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó pè mí. Aago márùn-ún ìdájí Sátidé ni mo ti dé pápákọ̀ òfurufú. Mo tò sórí ìlà. Nígbà tó kọjá aago mẹ́fà, ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà ní kí gbogbo wa máa lọ sílé, pé ọkọ̀ kò lọ, kí á padà wá ní Túsìdeè."

Mo gbà á gbọ́, kì í sì í ṣe torí ojú tó wú. Ojú náà máa ń purọ́. Iṣẹ́ mi ni kí n tún báàgì ìrìnàjò ṣe ní Ìkòtún, lẹ́yìn àwọn tó ń ta bàtà. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, Hamdalah gbé àpótí dúdú kan wá tí síìpù rẹ̀ ti já, ó ní òun ò ní kúrò níwájú mi àfi tí mo bá parí rẹ̀, torí pé ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò ní mọ́ bá òun nílé. Ó dúró títí wọ́n fi pe ìrun Mágàríbì. Ẹni tó ti mọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta pé òun ò lọ mọ́ kì í dúró ti síìpù.

Ó ku ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kó ẹrù sínú ọkọ̀ òfurufú, kí wọ́n tó lé mi nítorí àpótí kan tí kì í ṣe èmi ni mo ṣí i. Wọn ò bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan. Mo ṣì mọ orúkọ ọ̀gá tó lé mi, mo mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀, mo sì mọ àwọ̀ mọ́tò tó ń gùn nígbà náà. Láti ọjọ́ yẹn, bí irọ́ bá ti ọ́fíìsì ọkọ̀ òfurufú jáde, ara mi kì í gbà á. Ìkòtún mọ̀ mí sí i. Àwọn ọlọ́pàá pàápàá ti rán ènìyàn sí mi nígbà tí ọ̀rọ̀ àpótí kan dojú rú mọ́ wọn lọ́wọ́.

"Kí ni lẹ́tà yìí bà jẹ́ fún ọ?" mo bi í.

Ó wò mí bí ẹni tó ti sọ ọ́ títí tó ti sú u. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi dúró kí n tó rí àyè ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Yola, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ní ilé ìwòsàn wa ní Ìgàndó, ó sì ti fẹ̀yìn tì. Mọ́ńdè ló yẹ kí n wọlé. Wọ́n ní kí n má tíì wá, àfi kí iléeṣẹ́ ọkọ̀ kọ̀wé pé òjijì ni ọkọ̀ kò lọ. Tí lẹ́tà ò bá dé orí ímeèlì wọn kó tó di aago mẹ́rin ọ̀sán òní, wọ́n á fún ẹni tó tẹ̀ lé mi."

"Òní?"

"Òní, sà. Mọ́ńdè, Lékèélékèé ní kí n padà wá. Túsìdeè, wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Àárọ̀ yìí ni wọ́n wá fún mi ní lẹ́tà, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ nìyí. Tí mo bá fi eléyìí ránṣẹ́ sí Yola, òpùrọ́ ni mo dà."

Mo gba lẹ́tà náà, mo yí i síwá sẹ́yìn. "Kò lọ́jọ́."

"Ó ní in. Déètì òní ló wà lókè."

"Mi ò sọ ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n pè ọ́ dà? Aago mélòó? Nọ́ńbà wo? Ẹni tó ní ẹ̀rí kì í fi aago pamọ́."

Mo ti ṣọ́ọ̀bù.

*

Òkè ilé tí wọ́n ti ń ta oògùn ní Ẹgbẹ́dá ni ọ́fíìsì Lékèélékèé wà. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní kí á gba nọ́ńbà. Mo wo inú yàrá náà. Àga mẹ́jọ, kò sí ẹnikẹ́ni.

"Nọ́ńbà kí ni? Àwa nìkan la wà níbí."

"Òfin ni, bàbá."

Ó fún wa ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọ̀dọ́kùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà gbé orí sókè, ó wo àga mẹ́jọ tó ṣófo, ó pe nọ́ńbà kejìdínlọ́gbọ̀n. Ó dúró. Ó pe ìkọkàndínlọ́gbọ̀n. Ó dúró. Ó mu omi díẹ̀. Ó pe ọgbọ̀n. Mo ti ń dìde lọ bá a nígbà tó wá pe tiwa, inú mi sì ti bàjẹ́ kí n tó la ẹnu.

Nígbà tí a ń dúró, Hamdalah ti ka ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ẹni tó ń wọlé kò ti lè rí i. Ìwé ẹ̀tọ́ arìnrìnàjò ni. Ó ní tí ọkọ̀ tó ń lọ láàárín orílẹ̀-èdè bá kọ̀ tí kò lọ, tí wọn ò sì sọ fún èrò ní ó kéré tán odidi ọjọ́ kan ṣáájú, iléeṣẹ́ jẹ ẹ́ ní owó gbà-máà-bínú.

"Ìdí tí wọ́n fi nílò ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn," mo sọ fún un.

Kọ́lápọ̀ lorúkọ tó wà lára káàdì tí ọ̀dọ́kùnrin náà fi kọ́rùn. Òun ni olórí ẹ̀ka náà, òun náà sì ni gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Kí ni a lè ṣe fún yín?"

"Lẹ́tà tó o fún ọmọ yìí. Ọjọ́ wo lẹ pè é?"

"Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, sà. Ó wà níbẹ̀."

"Ọjọ́ wo nìyẹn? Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi láti máa kà á, tí mo bá ka Sátidé mọ́ ọn, Tọ́sìdeè ni. Bí òyìnbó ṣe ń kà á, Wẹ́sìdeè ni. Èwo ni?"

Ó wo kọ̀ǹpútà. "Kò sọ, sà. Abuja ló fi ránṣẹ́."

"Aago mélòó?"

"Abuja ló mọ ìyẹn."

"Jẹ́ kí a gbọ́ ohùn náà."

"Ẹ máa kọ̀wé béèrè, sà. Ó máa ń gba ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìnlá."

Hamdalah mí kanlẹ̀. Mo ní, "Nọ́ńbà wo lẹ pè?"

"Ó wà níbí. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́."

"Òun ló ni tíkẹ́ẹ̀tì. Rọra sọ ọ́ sí i létí, èmi ó di etí tèmi."

"Mi ò lè máa sọ nọ́ńbà ẹlòmíràn fún un, sà."

Hamdalah yíjú sí mi. Ó ti gbọ́ ọ.

"Ẹlòmíràn wo?" mo bi í.

"Mi ò sọ pé ti ẹlòmíràn ni."

"O sọ ọ́. Èmi tí mi ò kàwé kọjá kíláàsì kẹrin gbọ́ ọ, nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ, ẹ̀ṣọ́ náà gbọ́ ọ."

Ẹ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rẹ̀. Kọ́lápọ̀ gbé ọwọ́ lé orí. Mo rò pé kí á lè máa lọ ló ṣe tẹ ìwé kan jáde fún wa. Ó ní ẹ̀rọ kan wà ní Abuja tó máa ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ lórí fóònù, tó máa ń sọ ọ́ di òyìnbó, tó sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ náà kọ nìyẹn. Hamdalah túmọ̀ rẹ̀ fún mi:

Iléeṣẹ́: Ẹ káàárọ̀. Lékèélékèé ni.

Arìnrìnàjò: Ọjọ́ mẹ́ta.

Iléeṣẹ́: Ọkọ̀ Yola kò lọ. Ó di Túsìdeè.

Arìnrìnàjò: Ó dáa. Mo ti gbọ́.

"Ṣé ẹ rí i, sà?" Kọ́lápọ̀ ní. "Ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́."

"Ta ló bi í léèrè?"

"Sà?"

"Wọ́n kí ènìyàn káàárọ̀, ó ní ọjọ́ mẹ́ta. Bí mo bá kí ìwọ káàárọ̀ báyìí, ṣé wàá dá mi lóhùn pé ìgbá mẹ́fà?"

"Bàbá, aago mẹ́rin la ń ti ilẹ̀kùn," ni ìdáhùn tó fún mi.

*

Mo jẹ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu títí a fi dé ìsàlẹ̀. Ìdáhùn tí kò ní ìbéèrè. Àfi kí ẹni náà ti mọ̀ ṣáájú, kó wá máa fi ọjọ́ mẹ́ta ránni létí ohun kan. Àdéhùn, bóyá.

"Ta ló mọ̀ pé ò ń lọ, tí kò fẹ́ kó o lọ?" mo bi Hamdalah.

Ó ń wo àwọn tó ń wọ ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn.

"Hamdalah."

"Ọkọ mi."

"Nọ́ńbà rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó máa ń wà lórí ìwé rẹ?"

"Bàbá, fọ́ọ̀mù wo ni wọn kì í ti í béèrè nọ́ńbà ọkọ?"

Baruwa ni Sódìq, ọkọ rẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ń to táìlì sílẹ̀ pálọ̀ ilé tuntun kan. Kẹ̀kẹ́ tó gbé wa dúró lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà Ìpájà kí awakọ̀ rẹ̀ lè bá ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè jà. Aago kan ti lù ká tó dé. Sódìq gbọ́ ohùn wa, ó jáde síta, sìmẹ́ńtì dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Bàbá Onísíìpù, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé kò sí o?"

"Ó wà. Ìwọ lo gba fóònù tí Lékèélékèé pè?"

"Fóònù wo?"

"O ò fẹ́ kó lọ sí Yola."

Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo èmi. "Mi ò fẹ́ kó lọ. Mi ò ní purọ́. Ta ló máa fẹ́ kí ìyàwó òun wà ní Yola fún oṣù mẹ́sàn-án? Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé àpótí lórí láti ilé. Èmi ni mo sìn ín dé pápákọ̀. Ẹ bi í."

"Ó sìn mí," Hamdalah ní.

"Ẹni tó sin ènìyàn lè ti mọ̀ pé kò ní lọ."

"Bàbá, mo gbàdúrà kí ọkọ̀ má lọ." Sódìq fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, sìmẹ́ńtì kù sí i lójú. "Mo gbà á lóòótọ́. Nígbà tó wá rí bẹ́ẹ̀, tí mo rí bó ṣe jókòó sórí àpótí tó ń sunkún, mo tọrọ àforíjì. Ṣé àdúrà náà lẹ fẹ́ fi mú mi?"

"O ò sọ fún mi pé o gbàdúrà bẹ́ẹ̀," Hamdalah ní.

"Ṣé ohun tí ènìyàn ń sọ nìyẹn?"

"Fóònù rẹ dà?" mo bi í.

"Ó wà lọ́dọ̀ atúnfóònùṣe láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Mọ́ńdè. Omi wọ̀ ọ́. Ẹ bi gbogbo àwọn tó wà níbí, fóònù wọn ni mo fi ń pe ilé."

Àwọn mẹ́ta tó wà nínú ilé náà pariwo pé òótọ́ ni, àti pé kò ra káàdì padà fún ẹnì kankan rí.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo rò wó lulẹ̀. Aago kan àbọ̀. Mo yí padà láti máa lọ, inú ń bí mi sí ara mi, inú ń bí mi sí Sódìq náà pé kò jẹ̀bi. Mo ti dé ẹnu géètì kí ohun kan tó dá mi dúró.

"Sódìq. Ìgbà wo la ríra kẹ́yìn?"

"Àwa méjèèjì? Ìgbéyàwó wa ni. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ."

"Kí lo sọ nígbà tó o rí mi?"

"Mo kí yín ni."

"Báwo lo ṣe kí mi?"

"Mo ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́..." Kò parí rẹ̀. Hamdalah ti fọwọ́ bo ẹnu.

Oṣù mẹ́jọ, ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí ọmọ Yorùbá tó ń ka ọjọ́ nígbà tó bá ń kíni bẹ́ẹ̀. A lè má ríra fún ọdún kan, ọjọ́ mẹ́ta náà ni. Ẹ̀rọ Abuja ni kò mọ̀. Ó gbọ́ ìkíni, ó sọ ọ́ di òǹkà, iléeṣẹ́ sì gba òǹkà náà mọ́ra torí pé ó bá wọn lára mu.

"Bàbá, ó ti tán nìyẹn," Hamdalah ní. "Ẹ jẹ́ ká padà lọ sọ fún un."

"Kó wá ní kí n lọ kọ̀wé sí Abuja? Kò tíì tán. Wọ́n ṣì ní ìwọ ni wọ́n bá sọ̀rọ̀. Ìwọ, ṣé o mọ ẹnikẹ́ni ní Lékèélékèé?"

"Rárá o."

"A kì í kí àjèjì kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó gbé fóònù yẹn mọ ẹni tó pè é. Ta ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ títí tó fi mọ ohùn wọn?"

Ó ronú díẹ̀. "Ẹni tó tà mí ní tíkẹ́ẹ̀tì."

*

Mi ò tíì kí Súmbọ̀ láti ọdún márùn-ún. Ó lé tábìlì mi kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìkòtún, ó ní mò ń bo ojú iṣẹ́ òun. Fótò pásípọ́ọ̀tù ló ń yà níbẹ̀, ó ń tẹ̀wé, ó sì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Nígbà tó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ife tíì tó ń mu kúrò lẹ́nu.

"Òní nìyí," ó ní. "Ṣé ẹnì kan kú ni?"

"Àǹtí, ẹ káàsán," Hamdalah kí i.

"Nọ́ńbà ta lo kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ yìí?" mo bi í.

"Tiẹ̀ ni. Ti ta ni kí n kọ?"

"Ó dáa. Tó bá jẹ́ tiẹ̀ ni, kò kàn ọ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí ìwé Lékèélékèé sọ. Ó ní ẹni tó gba fóònù ti mọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta pé ọkọ̀ ò ní lọ. Ó mọ̀, ó panu mọ́. Ó jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ jí lóru, kó gbé ẹrù lọ, kí àyè ọdún mẹ́ta bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Tí a bá rí ẹni náà, Hamdalah ò ní fi í sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ò ní fi í sílẹ̀. Èmi, o mọ̀ mí."

"Ta ló sọ ọjọ́ mẹ́ta? Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n pè mí. Mi ò tíì ká ẹní ìrun Súbúù nílẹ̀."

Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ife náà kalẹ̀ wẹ́rẹ́.

"Àǹtí Súmbọ̀," Hamdalah ní. "Ẹ̀yin ni."

"Hamdalah, dúró ná. Gbogbo àwa tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì là ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí mo bá kọ nọ́ńbà oníbàárà síbẹ̀, àwọn gan-an á máa pè é tààrà, kò ní gba ọ̀dọ̀ mi mọ́. Kí ni n ó wá máa jẹ?"

"Nígbà tí wọ́n pè yín, kí ló dé tẹ́ ò pè mí?"

"O ti wà níwájú wọn nígbà yẹn. Kí ni n ó sọ tí wọn ò ní sọ fún ọ?"

"Láti Sátidé ńkọ́?" mo ní.

"Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán ni." Ó wò mí tìbínútìbínú. "Ẹ̀yin náà ẹ ò kí mi, báwo ni mo ṣe máa gbọ́?"

Mo ní kó mú fóònù wá. Orúkọ tó fi pamọ́ fún ẹni tó pè é ni Adéolú Lékèélékèé. Sátidé, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá àárọ̀. Aago méje ni ọkọ̀ náà yẹ kó gbéra.

"Wá bá wa dé Ẹgbẹ́dá."

"Kí wọ́n rí i pé nọ́ńbà mi ni mò ń kọ? Wọ́n á gba tíkẹ́ẹ̀tì títà lọ́wọ́ mi."

"Bí ìwé wọn bá dúró, ìwọ lo mọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Bí fóònù rẹ bá sọ̀rọ̀, àwọn ni kò sọ ọ́ títí di àárọ̀ Sátidé. Mú èyí tó wù ọ́."

Súmbọ̀ wo Hamdalah. Hamdalah ò bẹ̀ ẹ́, ó kàn ń wo aago ara ògiri, níbi tí ọwọ́ kékeré ti ń sún mọ́ mẹ́ta. Súmbọ̀ mú gèlè rẹ̀.

Ní ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni mo ti sọ fún un pé: "Tá a bá débẹ̀, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ wọlé. Má sọ ohunkóhun. Sáà kí ọmọ náà bó o ṣe máa ń kí i."

*

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀ṣọ́ na nọ́ńbà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sí mi, mo kọjá lára rẹ̀.

Súmbọ̀ ti wọlé ṣáájú. "Bùrọ̀dá Kọ́lá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Haa, Àǹtí Súmbọ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta kan," Kọ́lápọ̀ ní, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rí èmi àti Hamdalah.

"Ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn?" mo bi í.

"Sà? Àǹtí? Ó ti tó oṣù méjì."

"Oṣù méjì. Kí lo wá kí i?"

Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó mú un dúró níbẹ̀ mọ́. Mo gbé ìwé tí ẹ̀rọ kọ síwájú rẹ̀, mo fi ìka sí ìlà kejì. Súmbọ̀ gbé fóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọ́lápọ̀ ka orúkọ Adéolú, ó ka ọjọ́, ó ka aago. Ó tún un kà.

"Mi ò gbọ́ ohùn náà rí, sà," ó ní jẹ́jẹ́. "Òyìnbó ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi."

"Mo mọ̀. Aago mẹ́ta àbọ̀ ti ń lọ lù."

Ó wọ yàrá inú, ó ti ilẹ̀kùn, a ń gbọ́ tó ń sọ "yes, sà" léraléra. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ló jáde pẹ̀lú ìwé méjì. Èkíní ni lẹ́tà tuntun: òjijì ni ọkọ̀ Sátidé kò lọ, kò sì sí ẹni tó sọ fún arìnrìnàjò Hamdalah Oyèwùmí ṣáájú. Ohun gbogbo tí a wá ló wà níbẹ̀. Hamdalah na ọwọ́ sí i.

Kọ́lápọ̀ fà á sẹ́yìn. "Wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ sí èkejì, mà."

Èkejì sọ pé ó ti gba lẹ́tà, inú rẹ̀ dùn, kò sì ní béèrè owó gbà-máà-bínú tàbí ohunkóhun mìíràn lọ́wọ́ Lékèélékèé láéláé.

"Kò ní fọwọ́ sí i," mo ní. "Ẹ̀tọ́ ni lẹ́tà. Ẹ̀tọ́ ni owó. A kì í fi ẹ̀tọ́ ra ẹ̀tọ́. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ níbẹ̀ yẹn."

"Àṣẹ Abuja ni, sà. Iṣẹ́ mi ni wọ́n á gbà."

"Jẹ́ kí wọ́n gbà á. A ti mú yín. Ẹ̀rí wà, ẹlẹ́rìí wà. Hamdalah, má dá a lóhùn, jẹ́ ká dúró. Wọ́n á fún wa láìjẹ́ pé o fọwọ́ sí i."

"Ìgbà wo?" ó bi mí.

"Lọ́la. Lọ́túnla. Kí ni wọ́n máa ṣe?"

"Bàbá." Kò gbóhùn sókè. "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ ṣẹ́gun wọn. Èmi, mo fẹ́ lọ."

Ó gba bírò lọ́wọ́ Kọ́lápọ̀, ó fọwọ́ sí i, ó gba lẹ́tà, ó ya fótò rẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Yola. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá. A jókòó sórí àga mẹ́jọ yẹn, àwa mẹ́ta. Nígbà tí fóònù rẹ̀ dún, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e fún Súmbọ̀, Súmbọ̀ sì kà á fún mi: wọ́n ti rí lẹ́tà gbà, àyè rẹ̀ ṣì wà, kó dé kó tó di Mọ́ńdè.

Hamdalah kúnlẹ̀ níwájú mi. Mo ní kó dìde, pé ilẹ̀ náà dọ̀tí. Inú mi dùn, inú sì ń bí mi, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ kó hàn lójú mi. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ láti lọ pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù ẹlòmíràn. Súmbọ̀ tẹ̀ lé e.

Kọ́lápọ̀ gbé ìwé tó fọwọ́ sí lọ sínú fáìlì kan. Fáìlì náà nípọn. Ó ṣí i, lẹ́tà mìíràn wà níbẹ̀, òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlà márùn-ún, ìlà márùn-ún. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo ti wo lẹ́tà Hamdalah pẹ́ tó lọ́jọ́ náà láti dá ọ̀rọ̀ òyìnbó méjì tó túmọ̀ sí ọjọ́ mẹ́ta mọ̀ níbikíbi tí mo bá ti rí wọn.

"Gbogbo wọn náà ló ní ọjọ́ mẹ́ta?" mo bi í.

Ó pa fáìlì dé. "Abuja ní kí n lo ọ̀kan náà fún gbogbo wọn, sà."

"Èèyàn mélòó ló yẹ kó wọ ọkọ̀ Sátidé náà?"

"Mọ́kànléláàádọ́ta."

"Ẹnì kan ti fọwọ́ sí tiẹ̀. Ó ku àádọ́ta. Ka orúkọ èyí tó wà lókè fún mi."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Aago mẹ́rin ti lù. Mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn."

Mo fa àga kan sún mọ́ tábìlì rẹ̀, mo jókòó.

"Tì í," mo ní. "Inú ni n ó wà."